Mùkúnà àti Ẹ̀kan ní Ilẹ̀ Àjà: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Oko Àgbàdo ní Gúúsù Benin

Ilẹ̀ Àjà wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, ní ìhà ibi tí odò Mono ti fi ààlà sáàárín Benin àti Togo. Aplahoué, Djakotomey, Dogbo, Klouékanmè àti Toviklin wà lára àwọn ìlú ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ mùkúnà ni mo fẹ́ sọ, irúgbìn ìdílé ẹ̀wà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi lé koríko ẹ̀kan kúrò lóko wọn láti ìparí àwọn ọdún 1980. Nígbà náà, ẹkùn Mono ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ọdún 1999 ni wọ́n tó gé Couffo kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wọn, èyí tí àwọn elédè Faransé sọ ní terre de barre. Irú ilẹ̀ kan náà ló wà ní Kétu, Pobè àti Sakété níbi tí àwọn Yorùbá ti ń dáko, nítorí náà ẹni tó bá mọ oko Kétu kò ní ṣàjèjì sí oko Àjà. Ilẹ̀ náà jìn, ó rọ̀ lábẹ́ ọkọ́, omi kì í dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀. Ewé àti pàǹtí tó ń jẹrà sórí ilẹ̀ ló ń mú ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ wá, bí wọ́n bá sì ń gbin àgbàdo sí i lọ́dọọdún láìjẹ́ kó sinmi, kì í pẹ́ ṣá.

Ìsinmi sì ni ilẹ̀ Àjà kò rí. Èrò ibẹ̀ lé ní 200 lórí kìlómítà kan ní ìbú àti òró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dáko lọ́dún. Wọ́n á gbin àgbàdo ní àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí di oṣù keje. Tó bá di àrọ̀kúrọ̀, láti oṣù kẹsàn-án, wọ́n tún lè gbin àgbàdo, tàbí ẹ̀wà, tàbí ẹ̀pà.

Àwọn Àjà ní ọgbọ́n àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ilẹ̀. Ọ̀pẹ ni. Wọ́n á gbin ọ̀pẹ sáàárín àgbàdo, wọ́n á sì gbìn ín há ju bí ẹni tó fẹ́ kọ ẹyìn ṣe máa gbìn ín lọ. Bí ọ̀pẹ bá ti ń ga, wọ́n á máa gé imọ̀ rẹ̀ kí àgbàdo lè rí oòrùn. Tó bá yá, wọ́n á yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ọ̀pẹ, òjìji á mú gbogbo rẹ̀, imọ̀ á máa jẹrà sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á wó ọ̀pẹ náà, wọ́n á dá ẹmu rẹ̀, wọ́n á fi pọn sodabi, ìyẹn ògógóró tiwọn, wọ́n á tà á, wọ́n á sì padà sídìí àgbàdo. Ilẹ̀ ti sinmi, owó sì ti wọlé. Mi ò tíì rí ètò ìjọba kankan tó gbọ́n tó èyí.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tó bá gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ ti fi hàn pé òun ló ni ín, nítorí náà onílẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin ọ̀pẹ. Bí bàbá ṣe ń pín ilẹ̀ fún ọmọ, tí ọmọ náà tún ń pín in fún ọmọ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ló di ẹni tí ilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò tó ohun tí a ń fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Àgbàdo lé àgbàdo ni wọ́n ń gbìn. Ẹ̀kan sì wọlé.

Ẹ̀kan

Ẹni tó ti di ọkọ́ mú rí láti Ìjẹ̀bú dé Òkè-Ògùn mọ ẹ̀kan. Etí ewé rẹ̀ ń ya ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lókè yẹn ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó ní oríkèé-oríkèé, ẹnu rẹ̀ mú débi pé ó ń gún iṣu àti gbágùúdá wọ inú. Oríkèé kọ̀ọ̀kan lè hù. Ẹni tó bá fi ọkọ́ gé gbòǹgbò kan sí ọ̀nà mẹ́wàá, tí kò sì ṣà á kúrò lóko, ẹ̀kan mẹ́wàá ló gbìn. Ẹni tó bá dáná sun ún, ewé nìkan ló jó. Ìṣù gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́ ooru kankan, òun náà ni yóò kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn iná, kí koríko mìíràn tó jí. Ilẹ̀ tí wọ́n ń sun lọ́dọọdún tí wọ́n sì ń kọ lọ́dọọdún ni ilẹ̀ tí ẹ̀kan fẹ́ràn jù.

Ní oko àgbàdo, iṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ fi pa àgbẹ̀. Oko tí wọ́n ń ro lẹ́ẹ̀mejì kí àgbàdo tó gbó á di èyí tí wọ́n ń ro lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, èrò tó yẹ kó ti bọ́ sí oko kejì á ṣì wà ní oko kìn-ín-ní. Bí ìdílé kò bá ní owó alágbàro, wọ́n á fi apá kan oko náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kan ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá onílẹ̀ ṣẹjọ́.

Ohun kan ṣoṣo wà tí ẹ̀kan kò lè fara dà, òjìji ni. Ọ̀pẹ àwọn Àjà ń pa á. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ewé Akíntọ́lá náà ń pa á bí iná kò bá wọ ibẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù nínú àkọsílẹ̀ yìí, orí òjìji ló dá lé.

Ètò RAMR

Ní 1986, ètò ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RAMR bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Mono. Ẹ̀ka ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Benin ló ń ṣe é pẹ̀lú IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, àti ilé-ẹ̀kọ́ KIT ti Amsterdam. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé orí oko àgbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, lábẹ́ òfin oko àgbẹ̀ náà, dípò inú ọgbà ìwádìí tí a fi wáyà yí ká.

Ilẹ̀ tó ti ṣá ni wọ́n wá wo. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n gbé síwájú àwọn ará abúlé: igi Leucaena àti Gliricidia tí a ń gbìn ní ìlà-ìlà sáàárín àgbàdo, òtílí, igi Acacia tí a lè fi ṣe igi ìdáná, àti mùkúnà. Èrò àwọn olùwádìí ni pé kí àgbẹ̀ wo èyí tó máa dá ọ̀rá padà sínú ilẹ̀ rẹ̀ kó sì mú un.

Ìbátan wèrèpè ni mùkúnà, èyí tó ń yún ni lára bí ẹni máa bọ́ awọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yan èyí tí wọ́n ń gbìn lóko láti ìran dé ìran títí irun tó ń yún ni fi kúrò lára pódi rẹ̀. Èèyàn lè fi ọwọ́ lásán ká a. Ó jẹ́ irúgbìn ìdílé ẹ̀wà, ó ń fà bí iṣu, ó sì ń yára fà: láàárín oṣù mẹ́ta ó lè bo ilẹ̀ débi tí ilẹ̀ kò ní rí oòrùn mọ́. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú kókó gbòǹgbò rẹ̀ ń mú nitrogen láti inú afẹ́fẹ́, ó sì lè kó ju 100 kilo lọ sórí hẹ́kítà kan. Nitrogen yìí ni èròjà tí àgbàdo ń jẹ jù, òun náà ló pọ̀ jù nínú àpò yúríà.

Bí 15 ni àwọn àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ gbìn ín, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Zouzouvou ní agbègbè Djakotomey wà lára àwọn abúlé náà. Àwọn olùwádìí dúró kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ máa sọ nípa ọ̀rá ilẹ̀. Ẹ̀kan ni àwọn àgbẹ̀ ń sọ. Wọ́n rí i pé ibi tí mùkúnà bá sùn lé, ẹ̀kan abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń kú. Wọ́n lọ gbìn ín sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí wọ́n gbìn ín sí, ìyẹn ilẹ̀ tí ẹ̀kan ti gbà tí wọ́n ti pa tì. Ìyẹn ni wọ́n rí pé ó tọ́ sí wàhálà wọn. Versteeg àti Koudokpon tó wà nínú iṣẹ́ náà kọ ọ́ jáde ní 1990, ẹ̀kan ni wọ́n sì fi ṣíwájú ìròyìn wọn. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ni ì bá ti sọ pé àgbẹ̀ kò lóye ohun tí a mú wá fún un.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ọ̀nà méjì ni. Ti àkọ́kọ́ wà fún oko tí ẹ̀kan kò tíì borí. Wọ́n á gbin àgbàdo ní àkọ́rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń gbìn ín. Nígbà tó bá di bí 40 sí 45 ọjọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ro ó, wọ́n á gbin mùkúnà sáàárín ìlà àgbàdo. Ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ti yá jù, mùkúnà á gun àgbàdo, á fà á lulẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó gbó. Ẹni tó bá pẹ́ jù, òjò á dá kí mùkúnà tó rí ilẹ̀ bò. Bí wọ́n bá ti kórè àgbàdo ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, mùkúnà ló ni oko náà títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ti kejì wà fún ilẹ̀ tó ti di ti ẹ̀kan pátápátá. Kò sí pé a ń gbin àgbàdo sí i lọ́dún yẹn. Wọ́n á fi àdá sán ẹ̀kan náà mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á gbin mùkúnà ní méjì-méjì, kó tó tó ìgbà tí ẹ̀kan tún máa ga ju òun lọ. Bí ẹ̀kan bá tètè yọ, ó di dandan kí wọ́n tún sán an lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà náà lọ, ìjà di ti àwọn méjèèjì.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ní nǹkan bí oṣù kejìlá, mùkúnà á so, á gbẹ, á sì kú fúnra rẹ̀. Ewé rẹ̀ tó gbẹ á wà lórí ilẹ̀ bí ẹní nípọn. Tí òjò bá padà ní oṣù kẹta, àgbẹ̀ kò nílò àtikọ ilẹ̀: á kàn la ewé náà, á gbẹ́ ihò, á gbin àgbàdo. Ewé náà á máa jẹrà, á máa bọ́ àgbàdo, kò sì ní jẹ́ kí èpò tètè yọ. Lóko tó ṣe dáadáa, àgbàdo tí kò rí yúríà kankan á máa ṣe bí èyí tí wọ́n fi yúríà sí.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí mùkúnà kò lè ṣe. Kò lè mú phosphorus, èròjà ilẹ̀ mìíràn tí irúgbìn nílò, wá láti ibikíbi. Lórí ilẹ̀ tí phosphorus rẹ̀ ti tán, òun fúnra rẹ̀ kò ní dàgbà dáadáa, kókó gbòǹgbò rẹ̀ kò ní pọ̀, kò ní bo ilẹ̀, ẹ̀kan á sì gba oòrùn láàárín rẹ̀. Ilẹ̀ tó burú jù, tí èèyàn rò pé ó yẹ kí mùkúnà gbà là, ni kì í ti í ṣe dáadáa. Ọdún kan ṣoṣo kì í sì í pa ẹ̀kan tán. Ewé rẹ̀ á dín kù gan-an, gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ á rù, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹ́kù á tún bẹ̀rẹ̀ bí wọn kò bá gbin mùkúnà mìíràn tàbí ṣọ́ oko náà dáadáa lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iná pẹ̀lú: ewé gbígbẹ inú oṣù kìn-ín-ní kò gbà ju kí ọdẹ kan dáná ṣọdẹ òkété nítòsí, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà á di eérú.

Ìbàdàn ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn tó ń sọ nípa Benin kì í sábà mẹ́nu bà á. Ní Moor Plantation, Ìbàdàn, wọ́n ti ń dán mùkúnà wò láti 1922 nígbà tí Faulkner ń darí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba amúnisìn. Ìdánwò lórí bí a ṣe lè mú ọ̀rá ilẹ̀ dúró níbẹ̀ lọ títí di 1951, mùkúnà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo láìfi ilẹ̀ sílẹ̀ di igbó. Àgbàdo náà ń ṣe. Àwọn aláṣẹ wàásù rẹ̀ fún àgbẹ̀. Àgbẹ̀ Ìbàdàn kò gbà á.

Kí àgbàdo tó dáyé, ohun kan ni adìẹ ń jẹ. Àgbẹ̀ ìgbà náà ní ilẹ̀ tó tó láti fi oko sílẹ̀ kó sì lọ ṣán ibòmíràn. Igbó ń hù fúnra rẹ̀, kò béèrè irúgbìn, kò béèrè ọjọ́ iṣẹ́ kankan. Kí ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ohun tí kò lè jẹ, tí kò lè tà, sí, nígbà tí igbó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́? Kòkó tún wà níwájú rẹ̀ tó ń pe owó. Lójú tèmi, kò sí àìmọ̀kan kankan níbẹ̀. Àgbẹ̀ náà ṣe ìṣirò, ìṣirò rẹ̀ sì tọ́.

Ohun tó yí ìṣirò náà padà ní ilẹ̀ Àjà ni ẹ̀kan. Ilẹ̀ kò tó mọ́, igbó kò sí mọ́, ilẹ̀ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kì í di igbó bí kò ṣe pápá ẹ̀kan. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi gbin mùkúnà gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọkọ́ kúrò lọ́rùn wọn. Ọ̀rá ilẹ̀ jẹ́ èènì.

Ìtànkálẹ̀

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, tí wọ́n ń pè ní CARDER, mú mùkúnà kúrò ní àwọn abúlé ìdánwò, wọ́n sì ń fi han àwọn mìíràn láti bí 1990. Lẹ́yìn náà ni Sasakawa Global 2000 wọ inú rẹ̀. Ryoichi Sasakawa ti Japan ló dá owó ètò náà sílẹ̀ ní 1986, Norman Borlaug, onímọ̀ irúgbìn, àti Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Benin, wọ́n gbé mùkúnà lọ jìnnà ju ẹkùn Mono lọ. Nígbà tó fi máa di 1996, nǹkan bí 10,000 àgbẹ̀ ni wọ́n kà pé ó ti gbìn ín. Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé látìgbà tí ó jẹ́ 15.

Iye yẹn dùn ún gbọ́, wọ́n sì kọ ọ́ káàkiri. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi í léèrè pé kí ni àwọn 10,000 yẹn gbin mùkúnà fún. Kí ètò tó lè tàn, ó nílò irúgbìn púpọ̀ láti pín. Ibo ni irúgbìn yóò ti wá? Lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ti gbìn ín. Nítorí náà, wọ́n ń ra irúgbìn lọ́wọ́ wọn ní owó tó dára. Lójijì, mùkúnà tí a kò lè jẹ di ohun tí a ń tà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín nítorí owó irúgbìn, kódà níbi tí ẹ̀kan kò ti dà wọ́n láàmú. Ọjà náà kò ní oníbàárà mìíràn yàtọ̀ sí ètò tó ń pín in. Nígbà tí àwọn tó ń rà á dáwọ́ dúró, iye rẹ̀ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ṣíwọ́ gbígbìn.

Mi ò sọ pé ó burú láti ra irúgbìn lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ohun tó burú ni pé lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó lè ya àgbẹ̀ tó nílò mùkúnà sọ́tọ̀ kúrò lára àgbẹ̀ tó nílò owó irúgbìn. Ìwé kan náà ni wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí. Fi wé Honduras ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà: ní etíkun àríwá ibẹ̀, láti bí àwọn ọdún 1970, àgbẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń fi tún ilẹ̀ àgbàdo ṣe, kò sì sí ètò kankan tó ń ra irúgbìn rẹ̀. Òun náà dín kù nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti màlúù ló fà á níbẹ̀, kì í ṣe pé oníbàárà kan kó ẹsẹ̀ ńlẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi jẹ ẹ́?

Ìbéèrè tí gbogbo àgbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyí. Ẹ̀wà ni, ó tóbi, ó ń so jọjọ. Èròjà kan tó ń jẹ́ L-dopa ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n èso náà. Èròjà kan náà ni àwọn dókítà fi ń tọ́jú àrùn Parkinson. Ẹni tí ara rẹ̀ yá tó bá jẹ ẹ́ púpọ̀ á máa bì, orí rẹ̀ á máa yí, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní àríwá Mozambique, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ irú rẹ̀ lákòókò ìyàn, wọ́n máa ń sè é lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á sì máa da omi rẹ̀ nù. Ní 1989 tí ọ̀dá omi mú wọn, tí wọn kò rí omi tó láti fi pààrọ̀, ó lé ní 200 èèyàn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ.

Lóòótọ́ àwọn Igbo ń fi ukpo, tó jẹ́ ìdílé kan náà, sọ ọbẹ̀ di líle, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, díẹ̀ ni wọ́n sì ń fi sínú ìkòkò. Ní Benin àwọn òṣìṣẹ́ ètò gbìyànjú láti fi ìyẹ̀fun mùkúnà pò mọ́ ti àgbàdo lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọ̀ ọ́ tí wọ́n ti rẹ ẹ́. Ó gba igi ìdáná, ó gba omi, ó gba ọjọ́. Ìyá tó ní ẹ̀wà gidi nílé kò ní fi àsìkò rẹ̀ ṣòfò lórí ìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí.

Bí ohun tí a gbìn kò bá ṣeé jẹ, tí kò ṣeé tà, a jẹ́ pé gbogbo oko àrọ̀kúrọ̀ ni àgbẹ̀ fi lélẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tó ní oko mẹ́ta lè fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mùkúnà kó máa jẹun lórí méjì. Ẹni tó ní oko kan ṣoṣo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òun ni ẹ̀kan dà láàmú jù.

Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀

Èyí ni mo rò pé ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀, mi ò sì rí i kí ètò kankan yanjú rẹ̀. Alágbàgbìn tó gba ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì kò mọ̀ bóyá òun ni yóò gbin àgbàdo sórí ewé mùkúnà tí òun gbìn. Bí ó bá fi owó ara rẹ̀ àti àrọ̀kúrọ̀ kan lé ẹ̀kan jáde, tí ilẹ̀ náà sì dára, onílẹ̀ lè rí i pé ilẹ̀ òun ti dára, kí ó gbà á padà, tàbí kí ó bu owó lé ìṣákọ́lẹ̀. Èrò orí tó wà lẹ́yìn òfin ọ̀pẹ náà ló tún jáde níbí. Nítorí náà àwọn tó ń gbin mùkúnà pẹ́ títí ni àwọn tó ni ilẹ̀ wọn.

Onílẹ̀ kan tó ní ìfura pẹ̀lú lè rò pé ẹni tó ń tún ilẹ̀ ṣe báyìí ń wá ọ̀nà láti di onílẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kò sí lábẹ́ ajílẹ̀ inú àpò, nítorí ajílẹ̀ tí wọ́n bù sí ìdí àgbàdo lónìí, àgbàdo òní ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ra àpò náà ni yóò kórè rẹ̀.

Oògùn inú ìgò

Oògùn apakoríko tó ń jẹ́ glyphosate ló wá gba iṣẹ́ mùkúnà mọ́ ọn lọ́wọ́. Monsanto ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1974. Nígbà tí ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà parí ní 2000, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, pàápàá ti China, bẹ̀rẹ̀ sí pò ó, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Lónìí kò sí ọjà oko kan nílẹ̀ Yorùbá tí èèyàn kò ti ní rí Force Up, ọ̀kan lára orúkọ tí wọ́n fi ń tà á, rà. Ohun tó mú kó bá ẹ̀kan mu ni pé ewé ló máa ń gbà wọlé, ó á sì rìn lọ sínú gbòǹgbò abẹ́lẹ̀. Ewé náà gbọ́dọ̀ tutù yọ̀yọ̀, kó sì máa dàgbà, kó tó lè mú un lọ. Ẹni tó bá fọ́n ọn sórí ẹ̀kan tó ti gbẹ, owó ló dà sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ èpò, Udensi àti Akobundu lára wọn, ti gbé e jáde ní 1999 pé mùkúnà lè dín ẹ̀kan kù bí oògùn ṣe ń dín in kù. Bó ti wù kó rí, àgbẹ̀ tó ní owó ìgò kan kì í dúró de oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ kan ló fi ń fọ́n ọn, á sì gbin àgbàdo lákòókò kan náà. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí mo kàn rí ni pé oògùn gba iṣẹ́ pípa ẹ̀kan, kò gba iṣẹ́ fífi ọ̀rá sílẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n ní oògùn lọ́dọọdún ń ṣófo lókè, yúríà ló sì ń dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá. Ní 2022 tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine mú owó ajílẹ̀ gòkè, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ olọ́kọ́ àti àdá rí i bí ọ̀nà náà ṣe tóóró tó.

Bí ẹnì kan bá wà ní Òkè-Ògùn tàbí ní Kétu tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹ̀kan gba ìdajì rẹ̀, mùkúnà ṣì wúlò fún un. Kó má ṣe gbin gbogbo oko. Kó wá ìdá kan tí ẹ̀kan ti gbà, tí òun kò tilẹ̀ ń dá mọ́. Kó sán an nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dúró. Bí ẹ̀kan bá tún yọ títí ó fi ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan, tí owó sì wà, kó fọ́n oògùn sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí owó kò bá sí, kó tún sán an. Kó wá gbin mùkúnà ní méjì-méjì, ìgbésẹ̀ kan sí ara wọn, kó sì ṣọ́ ọ fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Kó sán ìlà yí i ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé nítorí iná. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kó gbin àgbàdo sínú ewé náà, kó fi ìwọ̀nba phosphorus sí i bí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti dá pẹ́, kó sì tún gbin mùkúnà sáàárín àgbàdo náà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nígbà tó bá ká pódi rẹ̀, kó fi ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ pamọ́, kó bu díẹ̀ fún aládùúgbò tó bá béèrè. Ìyókù, kò sí ẹni tó máa rà á.